Ẹ̀ńjìnnì Kékeré Bàbá Mi Ló Tú Mi Fó

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí n tó yí ohùn padà: èmi ni mo ba ẹ̀ńjìnnì bàbá mi jẹ́, mo sì kó èèyàn mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún jọ láti fìyà ẹ̀ jẹ ẹni tó ń tún un ṣe.

Bí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra. Ẹ̀rín ṣì pọ̀ níwájú.

Ọdún kejì rèé tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga. Iṣẹ́ ò rí mi, èmi náà ò rí iṣẹ́. Ohun tí mo rí ni ìrẹ́jẹ, ó sì kún ìgboro fọ́fọ́. Mo bá onílé tó ti omi pa mọ́ àwọn ayálégbé lójú jà. Mo bá oníbúrẹ́dì tó dín búrẹ́dì kù tí kò dín iye rẹ̀ kù jà, mo sì ṣẹ́gun: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, búrẹ́dì sanra padà. Láti ìgbà náà ni bàbá mi ti ń pè mí ní Lọ́yà Ọ̀fẹ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń fi yìn mí.

Bàbá mi wa ọkọ̀ ojú irin fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìntì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pawọ́ pọ̀ ra ẹ̀ńjìnnì kékeré kan fún un, tí wọ́n ṣe bí èyí tó ń wà gan-an: àwọ̀ ewé ní ẹ̀gbẹ́, pupa níwájú, nọ́ńbà kan náà lára ilẹ̀kùn. Kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, àmọ́ ó wúwo bí òkúta. Iná mànàmáná ló fi ń sáré lórí irin tí bàbá mi tò yí tábìlì ńlá ká ní yàrá ẹ̀yìn.

Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, bàbá mi á jókòó ti tábìlì yẹn, á fi ọwọ́ kan di ife tíì mú, á fi ìkejì yí bọ́tìnì. "Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra o!" á wí, bí ẹni pé èrò igba ló ń bá a lọ.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nílé wa: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀ńjìnnì Bàbá.

Èmi tí mo ń pariwo òfin kiri ìgboro ni mo rú u.

Ohun tó fà á nìyí. A gbọ́ pé àwọn aláṣẹ fẹ́ ti ibùdó ọkọ̀ ojú irin kékeré tó wà ládùúgbò wa pa, inú sì bí mi. Mo fẹ́ ya fídíò kan tí gbogbo èèyàn á máa fi ránṣẹ́ síra wọn. Bàbá mi ti lọ kí àbúrò rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ló máa lò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú, ti lọ kó aṣọ fún oníbàárà. Ilé dákẹ́. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ń wò mí, èmi náà ń wò ó.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún péré," mo sọ fún ara mi. "Iṣẹ́ ìlú ni. Bàbá gan-an á yọ̀ tó bá rí i."

Ẹ kíyè sí ẹni tó bá ń sọ pé iṣẹ́ ìlú ni. Ó lè jẹ́ ẹ̀ńjìnnì bàbá ẹ̀ ló fẹ́ gbé.

Mo gé páálí, mo kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹ̀TỌ́ WA NI, Ẹ MÁ TÌ Í! Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ẹ̀ńjìnnì náà, mo gbé e sórí irin, mo gbé fóònù mi ti ife, mo yí bọ́tìnì díẹ̀.

Ó gbéra jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń lọ kí àna. Mo wò ó nínú fóònù, kò wù mí. Oorun ló ń kùn ún. Ta ló ń fi oorun jà? Mo yí bọ́tìnì dé òpin.

Ẹ̀ńjìnnì náà ta bí ẹni tí oyin ta. Ó yí kọ́nà àkọ́kọ́, ó yí ìkejì. Nígbà tó dé ìkẹta, ó ní òun ò bá irin ṣe mọ́. Ó fò kúrò lórí tábìlì, òun àti Ẹ̀TỌ́ WA NI, ó sì forí sọlẹ̀ gbàgà!

Ọkàn mi náà bá a ṣubú.

Mo gbé e. Àwọ̀ pupa iwájú rẹ̀ ti bó, ó tó èékánná. Mo dá a padà sórí irin, ó kàn ń kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán, kò kúrò lójú kan. Mo ronú pé ohun tó bá ń kùn, òróró ló fẹ́. Òróró ẹ̀rọ wà lórí tábìlì ẹ̀gbọ́n mi, nínú ike kékeré, ó ń wò mí. Ìpayà ò jẹ́ kí n rí i. Ilé ìdáná ni mo sáré lọ, mo gbé òróró tí a fi ń dín ẹyin, mo sì rọ ọ́ sí ẹ̀ńjìnnì bàbá mi títí tó fi yó.

Kíkùn náà dákẹ́. Mo yọ̀. Àṣé ó ti kú ni.

Mo mú irin tí mo fi ń ha èékánná, mo fi tú u. Bí mo ṣe ṣí i, sípíríìngì kan tí kò tó ẹsẹ̀ èèrà fò jáde, ó ní ó dìgbóṣe. Títí dòní mi ò tíì rí i. Jíà oníke funfun kan sì ti là sí méjì. Mo wá gúlù líle, mo fi lẹ̀ ẹ́. Gúlù náà ṣiṣẹ́ dáadáa: ó lẹ jíà, ó lẹ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, ó sì lẹ ìka mi méjì pọ̀.

Ó ku ibi tó bó. Mo ní kútẹ́ẹ̀sì pupa kan tó ń dán yinrin, tí mo fi ń kun èékánná nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ lọ kojú àwọn aláṣẹ. Mo fi kun iwájú ẹ̀ńjìnnì náà. Lókèèrè, ẹ ò ní mọ̀. Nítòsí, ó dà bí ẹ̀ńjìnnì tó fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó.

Mo pa fídíò náà rẹ́, mo fa páálí ya kúrò lórí ẹ̀ńjìnnì, mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ jókòó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé, mo ń ka ìwé òfin.

Bàbá mi dé. Sátidé pé, ó bu tíì, ó jókòó.

"Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra o!"

Kò gbéra.

Ó yí bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kejì, ó yí i lẹ́ẹ̀kẹta. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú. "Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀ńjìnnì mi?"

"Èmi kọ́ o, Bàbá," ẹ̀gbọ́n mi ké láti yàrá iwájú. "Abẹ́rẹ́ nìkan ni mo mọ̀."

Ó kọjú sí mi. "Lọ́yà?"

"Bàbá, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bóyá ọjọ́ ogbó ni."

Bàbá mi fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. "Ọjọ́ ogbó," ó tún un sọ jẹ́jẹ́. "Ó dáa. Òun náà ti dé ọ̀dọ̀ mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, bó bá ṣe pé ó nà mí ni, ì bá sàn.

Orúnkún yẹn ò jẹ́ kó lè rìn jìnnà, torí náà èmi ló fi ẹ̀ńjìnnì náà rán sọ́dọ̀ Bàbá Aláwò, tó ń tún irú rẹ̀ ṣe. Gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ ojú irin kékeré nílùú wa ló mọ̀ ọ́n. Inú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tó jẹ́ pé bí ẹ bá na apá méjèèjì, ẹ ó kan ògiri méjèèjì. Ó ti ń bẹ níbẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún. Ó máa ń so awò kan mọ́ iwájú orí, tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Bó bá tú ẹ̀ńjìnnì, inú páálí ẹyin ló ń to àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sí, ihò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ohunkóhun má bàa ṣìnà.

Ó ṣí ìwé kan tó fi ń kọ nǹkan sílẹ̀, ó fi ahọ́n tọ́ ẹnu pẹ́ńsù rẹ̀. "Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi gbogbo èèyàn. Ṣé ó ṣubú?"

"Rárá, bàbá."

"Kí ni wọ́n rọ sí i?"

"Kò sí."

"Ta ló ṣí i?"

"Kò sẹ́ni tó ṣí i. Mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án rí."

Ó gbé ẹ̀ńjìnnì náà sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó sọ awò kalẹ̀ sójú, ó wo iwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ mi tó wà lórí tábìlì. Mo kó o sápò.

"Ẹ̀ńjìnnì yìí ń rùn bí ẹyin díndín," ó ní.

"Ilé ìdáná wa ò jìnnà sí yàrá náà, bàbá."

"Hẹ̀n-ẹ́n." Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe wí i. "Ohun tí ẹni tó gbé e wá bá sọ ni mo máa ń kọ. Fọwọ́ sí i."

Mo fọwọ́ sí i. Mo ti yíjú tán kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ohunkóhun tí mo bá yọ lára ẹ̀ńjìnnì, mi ò kì í jù ú nù. Inú páálí ìṣáná ni mo ń kó o sí, mo sì ń dá a padà fún ẹni tó ni ín, kó lè mọ ohun tó ṣe é. Bàbá rẹ ló ni ín, àbí?"

"Bàbá mi ni."

"Ó dáa," ó ní. Ó tún tẹ orí ba iṣẹ́.

Nígbà tí mo padà lọ lọ́sẹ̀ kẹta, kò tíì parí. "Gúlù ni," ó ní. "Ẹnì kan kó gúlù sí i nínú. Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń ha á díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá yára, màá fọ́ èyí tó kù."

Bàbá mi ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Sátidé mẹ́ta ló ti fi jókòó ti tábìlì tí nǹkan kan ò rìn lórí rẹ̀. "Kí ló ní ó ṣe é?"

"Ó ní gúlù wà níbẹ̀."

"Gúlù? Ta ló kó gúlù sínú ẹ̀ńjìnnì mi?"

Ibi tó yẹ kí n ti sọ òtítọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ohun tó jáde ni: "Bàbá, nígbà tí mo gbé e kúrò nílé, kò sí gúlù níbẹ̀ o."

Ẹ̀gbọ́n mi dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Ṣé ọkùnrin yẹn ló wá ń fi gúlù lẹ ẹ̀ńjìnnì Bàbá? Tó sì wá ń purọ́ pé ẹlòmíràn ni?" Ó dìde, ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Lọ́yà Ọ̀fẹ́! Ìwọ tó fi ọ̀sẹ̀ méjì pariwo lórí búrẹ́dì oníbúrẹ́dì! Ó wá dórí bàbá tó bí ẹ lọ́mọ, o ń wolẹ̀ bí adìyẹ tí òjò pa?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣì ń ronú sí i."

"Ìrònú kẹ̀? Èmi ò mọ̀ pé o máa ń ronú kó o tó jà!"

Ẹ rí pàkúté tí mo fọwọ́ ara mi kẹ́? Bí n ò bá jà, wọ́n á fura. Bí mo bá jà, màá jẹ aláìṣẹ̀ níyà. Ẹni tó ti fi ìjà lórúkọ, ìdákẹ́ rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí.

Mo jà.

Mo kọ ìwé ẹ̀hónú pé kí ẹgbẹ́ gba yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn lọ́wọ́ Bàbá Aláwò, torí pé ó ń ba ohun olóhun jẹ́. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, mo gbé e kiri àdúgbò. Mo rò pé wọ́n á bi mí ní ẹ̀rí, mo tiẹ̀ ń retí pé kẹ́nì kan bi mí. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.

"Ìwọ lo gba búrẹ́dì wa padà," wọ́n ní. "Ibo ni ká fọwọ́ sí?"

Oníbúrẹ́dì pàápàá fọwọ́ sí i. "Inú mi dùn," ó ní. "Lọ́tẹ̀ yìí, èmi kọ́."

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo ti purọ́ tó: ìyìn náà dùn mọ́ mi. Mo ń rìn ní òpópónà, wọ́n ń kan sáárá sí mi. Ní alaalẹ́, kí n tó sùn, mo máa ń ka orúkọ, bí ó sì ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni irọ́ mi ń jọ òtítọ́ lójú ara mi.

Màmá Alága, obìnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ náà, gba ìwé náà kó lè ka orúkọ inú rẹ̀, ó sì pe ìpàdé fún Sátidé. Wọ́n á dìbò: ṣé kí Bàbá Aláwò máa bá iṣẹ́ lọ, àbí kí wọ́n gba yàrá náà, kí wọ́n máa kó àga sí i. Àga! Ọgbọ̀n ọdún èèyàn fún àga!

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ síbẹ̀. Bàbá Aláwò ti gbọ́ nípa ìwé ẹ̀hónú náà. Gbogbo ìlú ló gbọ́. Kò lé mi.

"Ó dáa tó o wá," ó ní. "Ọwọ́ mi ò tó. Bá mi di táyà yìí mú, má mí sí i."

Mo di í mú. Kò tó bọ́tìnì ẹ̀wù. Ó fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti sípíríìngì tuntun bọ ibi tó yẹ, ó fi jíà tuntun sí i, ó sì fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kan òróró ẹ̀kán kan.

"Ẹ̀kán kan péré?" mo bèèrè.

"Ẹ̀kán kan. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, oúnjẹ ló fẹ́ dín." Kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan táyà ẹ̀ńjìnnì náà, ó yí wìrì. "Gbọ́ ọ. Ẹ̀ńjìnnì kì í purọ́, ọmọ mi. Ibi tó ti dùn ún, ibẹ̀ ló máa ń tọ́ka sí."

Omi lé sí mi lójú. Mo la ẹnu. "Bàbá..."

Fóònù mi dún. Màmá Alága ni: "Lọ́yà wa! Orúkọ ti di mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún! O káre!"

Mo pa ẹnu dé, mo sá lọ.

Sátidé pé. Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ti to irin yí tábìlì ńlá ká láàárín gbọ̀ngàn bí wọ́n ti máa ń ṣe. Bàbá mi jókòó níwájú, orúnkún rẹ̀ nà síwájú, ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì í. Mo ti tún èékánná mi kùn, torí ọjọ́ ìjà ni. Wọ́n gbé makirofóònù fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mo mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Mo sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ ẹni tó gbé ẹrù rẹ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́. Mo sọ̀rọ̀ nípa àwọn arúgbó tí ayọ̀ wọn ò ju ẹ̀ńjìnnì kan lọ. Mo na ìka sí ilẹ̀kùn abẹ́ àtẹ̀gùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí tí fèrèsé fi ń mì. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ń fi ìka súfèé.

"Bàbá Aláwò," Màmá Alága ní, "kí lẹ fẹ́ sọ?"

Bàbá Aláwò jáde wá, awò rẹ̀ níwájú orí, ẹ̀ńjìnnì lọ́wọ́. "Mi ò lọ́rọ̀. Ẹ̀ńjìnnì ló lọ́rọ̀."

Ó gbé e sórí irin, ó yí bọ́tìnì díẹ̀.

Ẹ̀ńjìnnì náà gbéra. Kò kùn, kò fà, kò ta gìrì. Ó rìn bí omi lórí àwo, ó yí kọ́nà kẹta bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe rí níbẹ̀. Bàbá mi gbàgbé orúnkún rẹ̀, ó dìde. "Ọkọ̀ ti gbéra o," ó wí.

Bàbá Aláwò mú páálí ìṣáná kan jáde lápò, ó fi lé bàbá mi lọ́wọ́. "Ohun tí mo yọ níbẹ̀."

Bàbá mi ṣí i. Láti ibi tí mo dúró sí, mo rí i. Òwú kan wà níbẹ̀ tó ti mu òróró ìdáná wa yó. Jíà funfun wà níbẹ̀, gúlù dì mọ́ ọn. Lábẹ́ wọn, ó fi ìka méjì fa ẹ̀já páálí kékeré kan jáde, èyí tó há sáàárín táyà nígbà tí mo ń fa yòókù ya. Wọ́n kọ ọ́ sí i gàdàgbà: TỌ́ WA.

Bàbá mi ló kọ́ mi ní ìwé kíkọ. Ó mọ bí mo ṣe ń fi ìrù sí Ọ bí ẹni mọ ohùn ọmọ rẹ̀.

Ó wo páálí náà. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló dá a padà sínú páálí ìṣáná, ó ti í, ó fi sápò, ó sì jókòó.

"Ẹ̀ńjìnnì mi ti ń rìn," ó ní. "Mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́."

Ó bò mí láṣìírí. Lójú gbogbo ayé, bàbá mi bo irọ́ mi mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò tún wo ọ̀dọ̀ mi mọ́.

Mo rò pé ó ti parí. Màmá Alága gbé ìwé ẹ̀hónú sókè. "Ọpẹ́ ni pé ó ń rìn. Àmọ́ ohùn mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún kì í ṣe ohun à ń gbé jù sẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ká gba yàrá, ẹ na ọwọ́."

Ọwọ́ kan nà. Ọwọ́ mẹ́wàá. Ọwọ́ ń yọ káàkiri bí olú lẹ́yìn òjò, ojú mi sì ni gbogbo wọn ń wò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Wọ́n gbà mí gbọ́. Bàbá Aláwò ti yí padà, ó ń lọ síbi yàrá rẹ̀. Mo rí i tó fọwọ́ kan férémù ilẹ̀kùn náà, bí a ṣe ń fọwọ́ kan ohun tí a fẹ́ fi sílẹ̀.

"Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀!"

Makirofóònù hàn gooro. Mi ò mọ̀ pé èmi ni mo pariwo.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wo tèmi." Mo na ọwọ́ mi sókè, ìka márààrún. "Ẹ wo èékánná yìí. Kí ẹ wá lọ wo iwájú ẹ̀ńjìnnì bàbá mi."

Ẹnì kan tó jókòó ti irin tẹ orí ba. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó tún tẹ orí ba. "Ah! Ẹ gbà mí! Kútẹ́ẹ̀sì ni!"

"Kútẹ́ẹ̀sì kẹ̀?"

"Kútẹ́ẹ̀sì tó ń dán!"

Mo sọ gbogbo rẹ̀: páálí, fídíò, kọ́nà kẹta, òróró, gúlù, ìbéèrè mẹ́ta tí mo fi irọ́ mẹ́ta dáhùn. Nígbà tí mo dé ibi òróró tí a fi ń dín ẹyin, oníbúrẹ́dì ti ṣubú lu ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín débi tí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Òróró ẹ̀rọ mi wà níbẹ̀!" ó ké. "Ó wà lórí tábìlì, ìwọ ọmọ yìí! Ojú ẹ ńkọ́?"

Màmá Alága lu tábìlì títí gbọ̀ngàn fi rọlẹ̀. Ó gbé ìwé ẹ̀hónú náà fún mi. "Orúkọ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ló wà níbí. Ilé kọ̀ọ̀kan lo bá lọ gbà á, ilé kọ̀ọ̀kan lo máa bá lọ dá a padà. O ó sọ fún wọn lójúkojú, kí oníkálukú fọwọ́ ara rẹ̀ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Bàbá Aláwò, ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín. Àga á máa wà níta."

Mo lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tó o kó ọwọ́ sápò."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀?"

Ó yọ awò iwájú orí rẹ̀, ó nù ún. "Ẹ̀ńjìnnì ni mo mọ̀ ọ́n tú. Èèyàn, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń tú ara rẹ̀."

A ń rọra lọ sílé nítorí orúnkún Bàbá. Ó gbé ẹ̀ńjìnnì mọ́yà. A ti fẹ́ dé ẹnu ọ̀nà wa kó tó dúró.

"Kí lo kọ sí páálí yẹn?"

"Ẹ̀tọ́ wa ni, ẹ má tì í."

"Ó sáré?"

"Bàbá, ó fò."

Ó gbìyànjú láti lejú, kò ṣeé ṣe. Èjìká rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde. "Ọdún mẹ́rìndínlógójì! Mi ò fò ó rí!" Ó nu ojú. "Má purọ́ fún mi mọ́, Lọ́yà. Nígbà tó o ní ọjọ́ ogbó ni, mo ti ń ronú pé èmi náà ò ní pẹ́ dúró bíi tirẹ̀."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi dá orúkọ padà. Àwọn kan bú mi. Àwọn kan ní kí n tún ibi òróró sọ. Ìyá kan pe gbogbo ará ilé rẹ̀ jáde wá gbọ́ ọ, ó sì gbé àga fún mi. Oníbúrẹ́dì ni mo ṣe kẹ́yìn. Ó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ó sì gé búrẹ́dì fún mi, ègé kan tó tín-ínrín débi pé mo rí ojú rẹ̀ láti inú búrẹ́dì náà.

"Fọwọ́ sí ìyẹn náà," ó ní.

Mo ṣì ń jà o. A ò tíì jẹ́ kí wọ́n ti ibùdó wa. Àmọ́ kí n tó gbé makirofóònù báyìí, mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi ní ìbéèrè mẹ́ta Bàbá Aláwò: ṣé ó ṣubú, kí ni mo rọ sí i, ta ló ṣí i? Bí mi ò bá lè fi òtítọ́ dáhùn, mo máa ń jókòó. Ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀tọ́ fún ìlú, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yẹ ọwọ́ ara rẹ̀ wò.

Bàbá Aláwò fẹ́ tún iwájú ẹ̀ńjìnnì náà kùn. Bàbá mi kọ̀. Ó ní kó wà bẹ́ẹ̀, kó máa dán.

Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mo fi ń bá Bàbá Aláwò di nǹkan mú báyìí. Èmi náà ni mo ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá Alága fúnra rẹ̀ wọlé, ó gbé ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ lé orí tábìlì, kò wò mí lójú.

"Ó kàn ṣàdédé dúró ni," ó ní. "Mi ò fọwọ́ kàn án o."

Mo gbé e sí imú. Ó ń ta sánsán bí ìpara irun.

Mo wo Bàbá Aláwò. Bàbá Aláwò ń wo òkè àjà.

"Hẹ̀n-ẹ́n," mo ní. Mo tọ́ pẹ́ńsù lẹ́nu, mo ṣí ìwé, mo sì ti páálí ìṣáná kan sí iwájú rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Mà, kí n tó kọ ọ́... ṣé ẹ fẹ́ tún un sọ?"